Láti Orí Téèpù Sínú Àwo: Ṣíṣe Àdàkọ Fídíò Olóǹkà àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Lè Fi Ṣàlàyé Rẹ̀

1. Ìfáárà

Láti ìgbà tí Iṣẹ́ Àkànṣe Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ni a ti rí i dájú pé ọmọ Yorùbá lè kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè abínibí rẹ̀, kí ó sì yé e yékéyéké. Iṣẹ́ tí ó kù tí a kò gbọdọ̀ dẹwọ́ lórí rẹ̀ ni pé kí èdè náà máa bá ohun èlò tuntun rìn. Ẹ̀rọ a máa wọlé dé kí orúkọ tó dé. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ a tilẹ̀ ti máa kógbá wọlé kí á tó rí ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí lórí kámẹ́rà fídíò tí ń lo téèpù MiniDV, àti lórí ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán sílẹ̀ sórí àwo DVD.

Ọdún 1995 ni irú kámẹ́rà yìí kọ́kọ́ jáde fún títà. Láàárín ọdún náà sí nǹkan bí ọdún 2010, òun ni a fi gba ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìwúyè àti ìsìnkú sílẹ̀, ní ilẹ̀ Yorùbá àti láàárín àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Orí àwọn téèpù wọ̀nyí ni ohùn ọ̀pọ̀ àgbà tí ó ti sùn wà: ìyá tí ń ki oríkì ọmọ rẹ̀, bàbá tí ń súre fún ìyàwó. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Sony dá ṣíṣe kásẹ́ẹ̀tì MiniDV dúró. Kámẹ́rà tí ó lè ka téèpù náà kò sí lórí àtẹ mọ́, àfi àlòkù. Nígbà tí èyí tí ó wà nílé bá kọṣẹ́, téèpù yóò dà bí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù.

Ohun méjì ni a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. Àkọ́kọ́, a ó ṣàlàyé bí a ṣe ń kó ohun tí ó wà lórí téèpù bẹ́ẹ̀ lọ sórí àwo DVD nípa lílo ẹ̀rọ agbàwòránsílẹ̀ inú ilé. Èkejì, a ó dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣe àlàyé náà. Ilé ni à ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ń ṣe kí á tó pè é ní orúkọ kankan.

2. Ohun tí ó wà lórí téèpù

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ fi ń pa àwòrán àti ohùn mọ́. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni èyí tí àwo orin gíramafóònù àti téèpù fídíò àtijọ́ ń lò. Ìrísí ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ yóò jọ ìrísí ohun tí ó gbọ́ tàbí tí ó rí: bí ohùn bá ṣe ń lágbára sí i ni gbígbọ̀n ìlà orí àwo yóò ṣe máa fẹ̀ sí i. A ó pe èyí ní ìlànà aláfijọ. Ní ọ̀nà kejì, ẹ̀rọ yóò máa wọn ìmọ́lẹ̀ tàbí ohùn lemọ́lemọ́, yóò sì máa kọ iye tí ó wọ̀n sílẹ̀ ní òǹkà. Òǹkà méjì péré, 0 àti 1, ni ó ń lò. Èyí ni a ó pè ní ìlànà olóǹkà.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú un yé wa sí i. Kí á sọ pé ẹnì kan fẹ́ mọ gígùn aṣọ kan tí ó wà ní ìlú mìíràn. A lè gé okùn tí ó gùn bákan náà pẹ̀lú aṣọ ọ̀hún, kí á fi rán ọmọ. Bí ẹlòmíràn bá tún fi okùn náà wọn òmíràn, tí ẹni kẹta sì tún ṣe bẹ́ẹ̀, okùn yóò máa fà tàbí kí ó máa súnkì, títí tí ti ìkẹyìn kò fi ní bá aṣọ dọ́gba mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé ìgbọ̀nwọ́ 12 ni aṣọ náà, ẹnu mẹ́wàá ni ìbá gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá, 12 kò ní yẹ̀. Okùn ni aláfijọ, iye ni olóǹkà. Àwọn kan ń lo ọ̀rọ̀ àyálò 'díjítà', a kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n 'olóǹkà' ní àǹfààní pé ó sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe.

Téèpù MiniDV jẹ́ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6.35, tí a fi èròjà tí ó ń gba agbára òòfà bò lójú. Nínú kámẹ́rà ni irin róbótó kan wà tí ó ń yí po ní ìgbà 9,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ara rẹ̀ ni orí kékeré tí ń kọ tí ó sì ń kà wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ irin yìí ní tààrà láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì lè pè é ní 'ìlù', nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún méjèèjì. Ìyẹn kò bá èdè wa mu. Ohun tí a ń lù ni ìlù, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í lu èyí. 'Àgbá ayípo' ni àwa fara mọ́. Ìlà dídà ni ó ń kọ sórí téèpù, ìlà kọ̀ọ̀kan kò sì fẹ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ. Ìdí nìyí tí eruku tàbí ọ̀rinrin díẹ̀ fi lè mú kí àwòrán fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò bí ohun tí ó wà lórí téèpù náà ti pọ̀ tó. Bíìtì ni à ń pe 0 kan tàbí 1 kan. Bíìtì 8 ni báìtì 1. Ní ìlànà PAL tí a ń lò ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àsìkò àwọn téèpù wọ̀nyí, ẹyọ àwòrán kan ní ẹyọ àmì 720 ní ìbú àti 576 ní òró, èyí tí ó jẹ́ 414,720. Ẹyọ àwòrán 25 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá fún ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan ní bíìtì 12, gbogbo rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 124 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Téèpù kékeré kò lè gbà á. Nítorí náà kámẹ́rà yóò fún un pọ̀ ní ìlọ́po márùn-ún, títí tí yóò fi ku mẹ́gábíìtì 25. Nígbà tí a bá fi ohùn àti àwọn àmì àkókò kún un, téèpù oníwákàtí 1 yóò gba nǹkan bíi gígábáìtì 13.

3. Àwo àti ìfúnpọ̀

Oṣù Bélú ọdún 1996 ni DVD kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Japan; ní ọdún 1999 ni ẹ̀rọ inú ilé tí ó lè gba àwòrán sílẹ̀ sórí rẹ̀ dé ọjà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ 'àwo' ti wà nílẹ̀ tipẹ́ nínú 'àwo orin', kò sì sí ìdí tí a ó fi wá òmíràn. Láti inú 'ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀' tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ni a sì ti mú 'ẹ̀rọ agbàwòránsílẹ̀'. Bí a bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn, èyí tí ó ń lo téèpù ni agbàwòránsílẹ̀ onítéèpù, èyí tí ó ń lo àwo ni agbàwòránsílẹ̀ aláwo.

Lára àwo tí a ń pè ní DVD-R, ìpele aró kan wà tí ojú lásán kò lè rí bí ó ti tín-ínrín tó. Ìtànṣán léésà pupa ni ẹ̀rọ ń fi sun àmì sára aró náà. Ibi tí ó bá ti sun, kò ní dà padà sí bí ó ti wà mọ́. Fún ìdí èyí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè kọ nǹkan sórí DVD-R. DVD-RW kò lo aró, irin àdàlù kan ni ó ń lò tí a lè mú padà sí ipò àkọ́kọ́, ìyẹn ni a fi lè pa á rẹ́ kí á sì tún un kọ.

Àwo onípele kan ń gba gígábáìtì 4.7. Ṣùgbọ́n gígábáìtì 13 ni a ní lórí téèpù. Ìṣòro tí ó wà nídìí gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ẹ̀rọ aláwo gbọ́dọ̀ tún àwòrán náà fún pọ̀ kí ó tó lè wọlé, ìlànà tí ó sì ń lò, tí a ń pè ní MPEG-2, yàtọ̀ sí ti kámẹ́rà. Kámẹ́rà a máa fún ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan pọ̀ ní tirẹ̀, láìwo èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. MPEG-2 ní tirẹ̀ a máa kọ ẹyọ àwòrán kan ní kíkún, lẹ́yìn náà yóò máa kọ kìkì ohun tí ó yí padà nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Bí ìyàwó bá jókòó sórí àga tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kò yí padà, ẹ̀rọ kò ní tún ògiri kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ijó bá bẹ̀rẹ̀, tí aṣọ ẹbí ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí àwọn ènìyàn ń náwó fún onílù, gbogbo ojú àwòrán ni yóò máa yí padà. Bí àyè tí a fún ẹ̀rọ kò bá tó, àwòrán yóò dà bí ègé-ègé òkúta.

Olùlò ni ó ń yan ìwọ̀n ìfúnpọ̀ náà. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ, báyìí ni ó ṣe rí fún àwo gígábáìtì 4.7:

XP: wákàtí 1, nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.
SP: wákàtí 2, nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 5.
LP: wákàtí 4, nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 2.6.
EP: wákàtí 6, nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 1.7.

Ẹni tí ó bá kó téèpù mẹ́fà sínú àwo kan ṣoṣo nítorí àtidín owó kù yóò rí i pé ojú àwọn ènìyàn inú àwòrán náà kò hàn kedere mọ́. Téèpù kan sí àwo kan ni ó dára jù. Méjì ni kí ó pọ̀ jù.

4. Oríṣi àdàkọ méjì

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́, 'àdàkọ' ni a ń pe gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan yìí kò tó fún iṣẹ́ ìmọ̀. Nígbà tí a bá kó òǹkà orí téèpù lọ sínú kọ̀ǹpútà láìyọ bíìtì kan kúrò, àdàkọ gẹ́lẹ́ ni a ṣe. Nígbà tí a bá kó o lọ sórí àwo nínú ẹ̀rọ agbàwòránsílẹ̀, a ti tún un fún pọ̀; ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kò ní padà wá. A dábàá pé kí á pe èyí ní àdàkọ alátùn-únfún, ní ìbámu pẹ̀lú bí a ti ń ṣẹ̀dá 'alátùn-únṣe'. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé, níwọ̀n ìgbà tí téèpù àti àwo ti jẹ́ olóǹkà, ohun kan náà ni ó wà lórí méjèèjì, tí wọ́n sì ń da téèpù nù. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Téèpù ni ìyá, àwo ni ọmọ.

5. Wáyà tí ó so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀

Wáyà kan wà tí ó ń gbé òǹkà láti inú kámẹ́rà lọ sínú ẹ̀rọ aláwo. Ní ọdún 1995 ni a fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ IEEE 1394. Ilé-iṣẹ́ Apple pè é ní FireWire, Sony pè é ní i.LINK, lára kámẹ́rà àti ẹ̀rọ aláwo sì rèé, 'DV' ni a sábà máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra fún ìtumọ̀ olówuuru níhìn-ín. Bí a bá tú orúkọ ti Apple ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, 'okùn iná' ni yóò dà. Ṣùgbọ́n ohun tí Yorùbá ń pè ní okùn iná ni èyí tí a ń kì bọ ara ògiri láti fa iná mànàmáná. Ìwé ìlànà tí ó bá lo ọ̀rọ̀ náà yóò ṣi ẹni tí ń kà á lọ́nà. 'Wáyà DV' ni a yàn, nítorí pé ó bá ohun tí a kọ sára ẹ̀rọ mu.

Bí ihò DV kò bá sí, a lè lo wáyà aláwọ̀ mẹ́ta: òféèfé fún àwòrán, funfun àti pupa fún ohùn. Nígbà náà, kámẹ́rà yóò sọ olóǹkà di aláfijọ, ẹ̀rọ aláwo yóò sì tún sọ ọ́ di olóǹkà padà. Ohun díẹ̀ yóò ṣòfò nínú lílọ àti bíbọ̀ yìí. Wáyà S-Video sàn ju òféèfé lọ, nítorí pé ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n kò gbé ohùn, a ó ṣì nílò funfun àti pupa.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ó ní ẹbí ní òkè òkun gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìlànà NTSC ni Amẹ́ríkà ń lò ní àsìkò àwọn téèpù wọ̀nyí, kì í ṣe PAL: ẹyọ àwòrán rẹ̀ jẹ́ 720 ní 480, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Téèpù tí a gbà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lè má ṣiṣẹ́ nínú kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ tí a rà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí á wá kámẹ́rà tí ó bá téèpù tan ni ọ̀nà àbáyọ.

6. Bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà

(i) Ẹ ti bọ́tìnnì kékeré ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì sí ibi tí a kọ 'SAVE' sí, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e lórí.

(ii) Ẹ yí téèpù lọ dé òpin, kí ẹ sì yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Téèpù tí ó ti wà lójú kan fún ọdún pípẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ra.

(iii) Ẹ so kámẹ́rà mọ́ iná, ẹ má ṣe gbára lé bátìrì. Kí ẹ̀rọ méjèèjì wà ní pípa nígbà tí ẹ bá ń ki wáyà DV bọ̀ wọ́n, kí ẹ má sì fi tipátipá kì í, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ní apá tí ó yẹ kó kọjú sí.

(iv) Ẹ tan méjèèjì. Ẹ yí kámẹ́rà sí ipò ìwòran, kì í ṣe ipò ìyàwòrán. Ẹ yan ihò DV lórí ẹ̀rọ aláwo.

(v) Ẹ fi àwo tuntun sínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì yan ìwọ̀n ìfúnpọ̀. Lórí DVD-RW, ẹ̀rọ lè bi yín bóyá 'Video' tàbí 'VR' ni ẹ fẹ́. 'VR' rọrùn láti gé àti láti tò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn kò lè kà á. Bí àwo náà yóò bá kúrò nílé, 'Video' ni kí ẹ yàn.

(vi) Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìgbàsílẹ̀ lórí ẹ̀rọ aláwo, kí ẹ sì jẹ́ kí téèpù máa lọ. Lórí àwọn ẹ̀rọ kan, wáyà DV yìí kan náà ni ẹ̀rọ aláwo fi ń darí kámẹ́rà. Kò sí ọ̀nà àbùjá: téèpù oníwákàtí 1 yóò gba wákàtí 1.

Téèpù tí a gbà sílẹ̀ ní ipò LP nílò àkíyèsí púpọ̀. Ní ipò yẹn, téèpù ìṣẹ́jú 60 ń gba ìṣẹ́jú 90, nítorí pé a mú kí ìlà rẹ̀ tún tín-ínrín sí i. Kámẹ́rà tí ó kọ ọ́ nìkan ni ó sábà máa ń kà á dáadáa. Ẹni tí ó bá ní irú téèpù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí kámẹ́rà àtijọ́ rẹ̀ di àkìtàn.

7. Ìkádìí àwo

Iṣẹ́ kò tí ì parí nígbà tí téèpù bá dé òpin. Ẹ̀rọ aláwo gbọ́dọ̀ kọ àtòjọ ohun tí ó wà lórí àwo àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ mìíràn lè fi mọ̀ ọ́n. Bí a kò bá ṣe èyí lórí DVD-R, ẹ̀rọ tí ó kọ ọ́ nìkan ni yóò sábà lè kà á. Lójú àwọn ẹ̀rọ yòókù, yóò dà bí ẹni pé àwo náà ṣófo tàbí pé ó ti bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ tí ó kọ ọ́ bá wá kú, àwòrán wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rí i.

A ronú lórí 'pípa àwo dé' gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹnìkan lè rò pé ìdérí pálí àwo ni a ń sọ. 'Ìkádìí' ni a fara mọ́. Bí ẹni tí ó kádìí ọ̀rọ̀ ṣe ń kó gbogbo kókó rẹ̀ jọ kí ó tó jókòó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kó àtòjọ àwo jọ. Lẹ́yìn ìkádìí, kò sí àfikún mọ́ lórí DVD-R. Ọ̀rọ̀ náà sọ iṣẹ́ tí a ń ṣe àti àbájáde rẹ̀.

Ìkádìí lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, àwo lè bàjẹ́ pátápátá. Níbi tí iná ọba kò bá ti dúró ṣinṣin, orí ẹ̀rọ amúnáwá ni kí á ti ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí á fi àwo ọ̀hún sínú ẹ̀rọ mìíràn, kí á wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin rẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé téèpù MiniDV pọ̀ ní òǹkà ju ohun tí àwo DVD lè gbà lọ, pé ẹ̀rọ aláwo ń tún àwòrán fún pọ̀, àti pé àwo tí a kò kádìí kò tí ì di àwo. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tí ó ṣì ní ihò IEEE 1394 ì bá ṣe dáadáa bí ó bá ṣe àdàkọ gẹ́lẹ́ pẹ̀lú, kí ó sì pa á mọ́ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti àwo wà fún wíwò, ti kọ̀ǹpútà wà fún ìpamọ́. Ìyá arúgbó tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò yóò lè fi àwo sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kí ó sì rí ọkọ rẹ̀ tí ó ti lọ.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá, àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà ni yóò dán wọn wò. Èyí tí ó bá dùn lẹ́nu wọn ni kí ó dúró. Èyí tí kò bá bá iṣẹ́ mu, kí wọ́n fi èyí tí ó sàn rọ́pò rẹ̀.

Àkójọ ọ̀rọ̀

Àdàkọ alátùn-únfún: ẹ̀dà tí a tún fún pọ̀ nígbà tí a ń ṣe é, tí nǹkan sì ti dín nínú rẹ̀.
Àdàkọ gẹ́lẹ́: ẹ̀dà tí kò sí bíìtì kankan tí ó yẹ̀ nínú rẹ̀.
Àgbá ayípo: irin róbótó inú kámẹ́rà tí orí ìkọ̀wé àti ìkàwé wà lára rẹ̀.
Agbàwòránsílẹ̀ aláwo: ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán àti ohùn sílẹ̀ sórí àwo.
Aláfijọ: tí ó ń pa nǹkan mọ́ nípa ìrísí tí ó jọ ọ́.
Ìfúnpọ̀: dídín iye bíìtì kù kí àwòrán lè gba àyè kékeré.
Ìkádìí àwo: kíkọ àtòjọ ìkẹyìn sórí àwo kí ẹ̀rọ mìíràn lè kà á.
Olóǹkà: tí ó ń pa nǹkan mọ́ ní òǹkà 0 àti 1.
Wáyà DV: wáyà tí ń gbé òǹkà láti inú kámẹ́rà lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn.